Ṣé O Mọ̀? Archie Camden àti Agbo Àwọn Afọn-bàsúùnù Ìlú Ọba

Ṣé o mọ̀ pé bí a bá na ihò inú bàsúùnù tán, ó lé díẹ̀ ní mítà méjì ààbọ̀? Kò sí ẹni tí apá rẹ̀ lè tó irú fèrè bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ ní nínà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣẹ́ ẹ po sí méjì: ihò náà á sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí igi, á yí padà níbẹ̀, á sì gòkè lọ ré kọjá orí ẹni tó ń fọn ọ́n. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó tẹ̀ bí ọrùn lékeléke ló so igi náà mọ́ ẹnu afọnfèrè.

Ṣé o mọ̀ pé ahọ́n méjì ló ní? Esùsú gbígbẹ ni wọ́n fi ń ṣe wọ́n. Wọ́n á là á, wọ́n á fá a títí yóò fi fẹ́lẹ́, wọ́n á di ẹ̀là méjì pọ̀, èémí á sì máa gba àárín wọn kọjá. Bí o bá ti gbọ́ algaita àwọn Hausa rí, èyí tí wọ́n ń fọn pẹ̀lú kàkàkí níwájú àwọn Ẹ́míà, o ti gbọ́ ìbátan bàsúùnù. Ahọ́n méjì ni algaita náà ń lò.

Ṣé o mọ̀ pé Vivaldi nìkan kọ kọnṣẹ́tò 39 fún bàsúùnù? Kọnṣẹ́tò ni orin tí ohun èlò kan ti ń dá lé, tí ọ́kẹ́sítírà sì ń gbè é. Nínú 39 yẹn, méjì ni kò parí.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ ọdún 18 ni Mozart nígbà tó parí kọnṣẹ́tò bàsúùnù tirẹ̀ ní Salzburg, lóṣù kẹfà ọdún 1774? Fi orin yẹn sọ́kàn, a ó tún bá a pàdé.

Ṣé o mọ̀ pé bàsúùnù ló kọ́kọ́ dún lálẹ́ ọjọ́ tí ariwo sọ nínú gbọ̀ngàn ìṣeré ní Paris lóṣù karùn-ún ọdún 1913? Orin ijó tí Stravinsky pè ní Ààtò Ìgbà Ìrúwé ni. Ó gbé bàsúùnù lọ sí ibi gíga tí etí ò tíì mọ̀ ọ́n mọ́, ó sì fi òun nìkan ṣí orin náà. Àfi bí ẹni pé ẹ̀dá kan tó ti sùn tipẹ́ ló ń jí bọ̀.

Tchaikovsky ńkọ́? Òun fúnra rẹ̀ ló darí Sínfónì Kẹfà rẹ̀ ní St. Petersburg ní 1893, ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú ikú rẹ̀. Bàsúùnù ló bẹ̀rẹ̀ orin náà, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Nígbà tó yá nínú orin náà, ó kọ lẹ́tà p mẹ́fà sábẹ́ ìlà bàsúùnù kan. Ẹyọ p kan ni wọ́n fi ń sọ fún olórin pé kó rọra. Bí ó bá di mẹ́fà, ohùn náà gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dàwátì. Ó ṣòro débi pé ọ̀pọ̀ olùdarí a máa gba ìlà yẹn lọ́wọ́ bàsúùnù, wọ́n á gbé e fún kílárínẹ́ẹ̀tì olóhùn ìsàlẹ̀.

Síbẹ̀, aláwàdà ọ́kẹ́sítírà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é, nítorí pé bí ó bá ń ta kítí lórí àwọn ohùn ìsàlẹ̀, ẹ̀rín á gba ojú ẹni. Prokofiev fi ṣe bàbá àgbà oníkùnsínú nínú ìtàn Peter àti ìkookò ní 1936, àwọn ọmọdé sì ti fi mọ̀ ọ́n títí dòní. Èmi ò gbà pé iṣẹ́ ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n dá a fún. Ohun èlò tí Tchaikovsky gbé ìbànújẹ́ ńlá rẹ̀ lé lọ́wọ́ kì í ṣe ohun ẹ̀rín. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan wà tó lo gbogbo ayé rẹ̀ láti jẹ́ kí wọ́n gbọ́ bàsúùnù bí àgbà tó ní nǹkan sọ. Archie Camden ni orúkọ rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Newark, lẹ́bàá odò Trent, ni wọ́n bí i sí, ní oṣù kẹta ọdún 1888? Manchester ló ti kọ́ iṣẹ́ orin, ní Royal Manchester College of Music. Nígbà tó fi máa di 1906, ó ti wà nínú ọ́kẹ́sítírà Hallé. Ẹni ọdún 18 ni nígbà náà, bí Mozart ṣe rí nígbà tó ń kọ kọnṣẹ́tò rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ará Jámánì ló dá Hallé sílẹ̀? Charles Hallé, ọmọ ìlú Hagen, ló sá kúrò ní Paris nígbà rúkèrúdò 1848, tó wá tẹ̀dó sí Manchester. Ìlú òwú àti ìlú ẹ̀rọ ni Manchester, àwọn oníṣòwò Jámánì sì pọ̀ níbẹ̀, àwọn tó fẹ́ràn orin tó sì lówó lọ́wọ́. Ó dá ọ́kẹ́sítírà náà sílẹ̀ ní 1858. Ní 1893 ó tún wà lára àwọn tó dá kọ́lẹ́ẹ̀jì orin tí Camden lọ sílẹ̀. Bí kò bá sí rúkèrúdò Paris, bóyá ni à bá máa sọ̀rọ̀ Camden lónìí.

Oríṣi bàsúùnù méjì ló wà láyé, ṣé o mọ̀? Ọ̀kan jẹ́ ti Faransé, èkejì jẹ́ ti Jámánì. Ti Faransé, tí ilé iṣẹ́ Buffet ní Paris gbajúmọ̀ fún, ni wọ́n sábà máa ń fi igi pupa líle gbẹ́. Ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó mú, ó sún mọ́ orin ẹnu èèyàn. Ti Jámánì ni wọ́n ń fi igi maple gbẹ́. Carl Almenräder ló tún àwọn ihò àti irin ìtẹ̀ rẹ̀ tò, òun àti J. A. Heckel sì dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Biebrich, lẹ́bàá odò Rhine, ní 1831. Ohùn tirẹ̀ kún, ó yí po, kì í sì í tètè ṣe ségesège láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìka tí èèyàn ń tẹ̀ lórí ọ̀kan kọ́ ni yóò tẹ̀ lórí èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì yóò tún iṣẹ́ kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Nígbà tí Camden ṣì jẹ́ ọmọdé, bàsúùnù Faransé ló gba gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan. Ọ̀gá tó fi ti Jámánì wọlé sí Manchester ni Hans Richter, ẹni tí wọ́n bí ní Hungary, tó ṣiṣẹ́ púpọ̀ ní Vienna. Richter yìí ló darí Ring tí Wagner kọ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é lódindi ní Bayreuth ní 1876. Ó di olùdarí Hallé ní 1899. Ohùn bàsúùnù tó ti mọ́ ọn létí ní Vienna kò sí ní Manchester, kò sì fẹ́ fara mọ́ èyí tó bá níbẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí Otto Schieder láti Vienna kó wá fọn bàsúùnù fún Hallé. Schieder kò jókòó ti àga rẹ̀ nìkan, ó gba ọmọ iṣẹ́, Archie Camden sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹnì kan fẹ́ gbọ́ ohùn kan, ó ránṣẹ́ pe ẹni tó ní in, ẹni yẹn fi lé ọmọdé kan lọ́wọ́. Bí bàsúùnù Jámánì ṣe rí ẹsẹ̀ gúnlẹ̀ ní Manchester nìyẹn, kò gba ju èèyàn mẹ́ta lọ.

Ṣé o mọ̀ pé Hallé ló kọ́kọ́ ṣe Sínfónì Kìn-ín-ní tí Elgar kọ, ní Manchester, lọ́jọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1908? Richter ni Elgar fi sínfónì náà júbà, Richter náà ló sì darí rẹ̀.

Elgar fúnra rẹ̀ ti fọn bàsúùnù rí! Èyí ló dùn mọ́ mi nínú jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí. Ní Worcester, nígbà tó wà léwe, òun àti Frank àbúrò rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ olórin márùn-ún sílẹ̀. Frank ń fọn oboe, àwọn yòókù di fèrè àti kílárínẹ́ẹ̀tì mú, Edward sì gba bàsúùnù. Ahéré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò orin, ni wọ́n ti ń pàdé. Elgar a máa kọ orin tuntun fún ìpàdé wọn. Ọmọ ọdún 20 lé díẹ̀ ni, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, àmọ́ bàsúùnù wà ní ẹnu rẹ̀, ó sì ń gbọ́ bí àwọn ohùn ìsàlẹ̀ ṣe ń gbé àwọn tòkè ró.

Nítorí náà, kò yà mí lẹ́nu pé ó padà sọ́dọ̀ bàsúùnù nígbà tó ti di ìlúmọ̀ọ́ká. Ní 1910, láàárín ìgbà tí ó ń kọ kọnṣẹ́tò fayolíìnì rẹ̀ àti sínfónì kejì, ó jókòó kọ Romance fún bàsúùnù àti ọ́kẹ́sítírà. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ. Kò sí ìtàkítí kankan nínú rẹ̀. Bàsúùnù kàn ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni, bí ọ́kẹ́sítírà ṣe ń dá a lóhùn. Edwin James, ọ̀gá àwọn afọn-bàsúùnù nínú London Symphony Orchestra, ló kọ ọ́ fún.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn olórin fúnra wọn ló dá London Symphony Orchestra sílẹ̀ ní 1904? Olùdarí kan ló fòfin dè wọ́n pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rán adelé wá síbi ìdánrawò mọ́. Inú bí wọn, wọ́n kúrò, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì ń ṣàkóso ara wọn. Ta ló darí eré wọn àkọ́kọ́? Hans Richter kan náà. Ní 1912 ẹgbẹ́ yìí fẹ́ rìnrìn-àjò lọ sí Amẹ́ríkà, ọkọ̀ Titanic ni wọ́n sì kọ́kọ́ gba àyè sí. Wọ́n yí ọjọ́ ìrìn-àjò padà, wọ́n bá ọkọ̀ Baltic lọ.

Ká padà sí Manchester. Ní 1914 Camden di ọ̀gá àwọn afọn-bàsúùnù Hallé, ó sì wà nípò náà títí di 1933. Lọ́dún 1914 yẹn kan náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ti jáde. Láti 1920, Hamilton Harty, ará Ireland, ló ń darí Hallé.

Ní 1926, Harty, Hallé àti Camden gba kọnṣẹ́tò Mozart sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Columbia. Ọdún kan péré ṣáájú ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi máíkì oníná gbohùn sáwo. Ṣáájú ìgbà náà, inú àrọ irin ńlá ni àwọn olórin ń kọrin sí, ohùn ìsàlẹ̀ kì í sì í wọlé dáadáa. O lè mọ ohun tí ìyípadà yìí jẹ́ fún bàsúùnù. Àmọ́ kò sọ iṣẹ́ náà di fífúyẹ́. Ojú kan àwo tó ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan kò gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, nítorí náà wọ́n ní láti gé orin náà sí wẹ́wẹ́. Afọnfèrè á bẹ̀rẹ̀, á fọn, á dúró níbi tí àwo ti tán, wọ́n á fi òmíràn sí i. Kò sí pé à ń gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, tí à ń lẹ ibi tó dára mọ́ ọn. Bí ìka kan bá yọ̀ ní ìṣẹ́jú kẹta, odindi ojú yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn, wọ́n á tún un ṣe látòkè.

Àwo yẹn ló gbé orúkọ Camden wọ ilé àwọn tí kò tẹ gbọ̀ngàn eré rí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, bí ará Ìlú Ọba bá ní òun mọ kọnṣẹ́tò bàsúùnù Mozart, ti Camden ló ń wí. Apá àárín rẹ̀, èyí tó falẹ̀, tó dà bí orin ìfẹ́ inú opera, ni kí o bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ bí o bá rí i gbọ́. Fọ́ọ́fọ́ọ́ àwo àtijọ́ á máa dún lábẹ́ rẹ̀, bàsúùnù á sì máa rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀.

Àwọn tó ń kọ orin náà gbọ́. Eric Fogg, ọmọ bíbí Manchester, kọ kọnṣẹ́tò kan fún Camden ní 1931. Gordon Jacob kọ òmíràn fún un lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì.

Ṣé o mọ̀ pé ọdún 1933 tí Harty fi Hallé sílẹ̀ ni Camden náà kó lọ sí London? BBC Symphony Orchestra ló gbà á, ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́ta nígbà náà, lábẹ́ Adrian Boult. Láti 1935, Toscanini pẹ̀lú a máa wá darí wọn, ọkùnrin tí ojú rẹ̀ kò gba gbẹ̀rẹ́. Aubrey Brain ni ọ̀gá àwọn afọn-horn níbẹ̀. Fi orúkọ ìdílé yẹn náà sọ́kàn.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni àwọn afọn-bàsúùnù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbé bàsúùnù Faransé sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń ra ti Heckel. Àwọn ọ́kẹ́sítírà ńlá láti òkè òkun ń wá sí London, etí àwọn èèyàn sì ń là sí ohùn Jámánì. Camden kò ní láti yí ohunkóhun padà. Ohun tí àwọn yòókù ń lépa ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe.

Ogun dé ní 1939. BBC kó ọ́kẹ́sítírà náà lọ sí Bristol kí bọ́ǹbù má bàa bá wọn ní London. Bọ́ǹbù bá wọn dé Bristol. Ní 1941 wọ́n tún kó wọn lọ sí Bedford. Lọ́dún yẹn kan náà, lóṣù karùn-ún, bọ́ǹbù jó Queen's Hall run, gbọ̀ngàn tí àwọn ará London fẹ́ràn jù. Wọn ò dákẹ́ orin. Láti ìlú kékeré bíi Bedford ni rédíò ti ń gbé e jáde.

Kí ni afọn-bàsúùnù ń ṣe nígbà tí kò bá fọn fèrè? Ahọ́n ló ń ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe é, nítorí kò sí ẹnu méjì tó bára mu. Esùsú tó dára jù ń wá láti agbègbè Var, ní gúúsù Faransé. Afọnfèrè á rẹ ẹ́ sómi, á fi ọ̀bẹ gbẹ́ inú rẹ̀, á gé e bí ó ṣe fẹ́ kó rí, á sì ṣẹ́ ẹ po láàárín. Á fi wáyà di í níbi mẹ́ta, á wé òwú mọ́ ìdí rẹ̀ dáadáa kí afẹ́fẹ́ má bàa yọ níbẹ̀. Nígbà tó bá gbẹ, á gé orí rẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ yà sí méjì. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Á fi ọ̀bẹ mímú ha ojú rẹ̀ díẹ̀, á fi sẹ́nu, á fọn ọ́n lásán láìsí fèrè kó gbọ́ bó ṣe ń han, á tún ha á díẹ̀ sí i. Ó ha á jù? Ó ti bàjẹ́, kò sí àtúnṣe. Kò ha á tó? Ohùn ìsàlẹ̀ ò ní jáde. Èyí tó bá wá dára tán kì í pẹ́ tó fi ń rẹ̀, òmíràn ni yóò tún ṣe. Gbogbo adùn tí à ń gbọ́ nínú gbọ̀ngàn wá láti orí ẹ̀là esùsú tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ.

Camden kọ gbogbo irú ìmọ̀ yìí sílẹ̀ nínú Bassoon Technique, ìwé tí Oxford University Press tẹ̀ ní 1962. Ìwé kékeré ni, ó sì ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kọjá.

Ṣé o mọ̀ pé owó oògùn ìyàgbẹ́ wà lára ohun tó gbé orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ró? Bàbá bàbá olùdarí Thomas Beecham ló ń ta hóró oògùn ní St Helens, lágbègbè Lancashire, ó sì di olówó gọbọi. Thomas Beecham ọmọ-ọmọ rẹ̀ ná nínú owó yẹn sórí opera àti ọ́kẹ́sítírà láìwẹ̀yìn. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ nínú wa rántí SmithKline Beecham tó ní ilé iṣẹ́ ní Àgbárá, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Beecham kan náà ni. Orí hóró oògùn St Helens ni ilé iṣẹ́ yẹn ti ṣẹ̀.

Nígbà tí Beecham dá Royal Philharmonic Orchestra sílẹ̀ ní 1946, Camden ló kọ́kọ́ gba àga bàsúùnù níbẹ̀. Kò pẹ́ rárá níbẹ̀. Ẹni tó gba ipò náà lẹ́yìn rẹ̀ ni Gwydion Brooke.

Ṣé o mọ̀ pé inú opera ni orúkọ Gwydion ti jáde? Joseph Holbrooke, bàbá rẹ̀, ń kọ opera lórí ìtàn ìwáṣẹ̀ àwọn ará Wales, Gwydion sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀. Oṣù kejì ọdún 1912 ni wọ́n bí ọmọ náà. Oṣù kẹfà ọdún yẹn ni wọ́n ṣe opera náà ní London. Nígbà tí ọmọ dàgbà, ó gé orúkọ bàbá rẹ̀ kúrú, ó di Brooke.

Brooke, Jack Brymer lórí kílárínẹ́ẹ̀tì, Terence MacDonagh lórí oboe, Gerald Jackson lórí fúlúùtù: ẹ̀yìn ara wọn ni wọ́n jókòó sí nínú ọ́kẹ́sítírà Beecham, àwọn èèyàn sì sọ wọ́n ní Ìdílé Ọba. Brymer tí mo dárúkọ yìí, olùkọ́ ilé ìwé ni nígbà tí Beecham pè é ní 1947! Beecham a máa jẹ́ kí olúkúlùkù wọn fọn ìlà tirẹ̀ bó ṣe wù ú, kò ní fi ọ̀pá ìdarí dí wọn lọ́nà. Brooke náà gba kọnṣẹ́tò Mozart sáwo pẹ̀lú Beecham. Bí o bá gbọ́ tirẹ̀ lẹ́yìn ti Camden, wàá gbọ́ pé ọgbọ̀n ọdún ti kọjá láàárín wọn. Ti Camden dúró ṣinṣin. Ti Brooke ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi fẹ́ ti Camden ju ti Brooke lọ, ṣùgbọ́n mi ò ní bá ẹni tó bá yàn án jà.

Ṣé gbogbo wọn ló wá gba ti Jámánì? Rárá o. Cecil James, ọ̀gá àwọn afọn-bàsúùnù ọ́kẹ́sítírà Philharmonia, di bàsúùnù Faransé rẹ̀ mú títí. Ìdílé afọn-bàsúùnù ló ti wá: Edwin James tí Elgar kọ Romance fún wà nínú ẹbí kan náà. Gbọ́ àwo quintet Mozart fún dùùrù àti fèrè mẹ́rin tí Gieseking àti àwọn ọmọ Philharmonia ṣe ní 1955, bàsúùnù Cecil James ló wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò wúwo rárá, ó sì hàn kedere. Inú mi dùn pé ẹnì kan kọ̀ láti tẹ̀ lé ọ̀pọ̀ èèyàn, torí láìsí irú rẹ̀, à bá má mọ bí bàsúùnù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa ń dún tẹ́lẹ̀.

Ta ló ń fọn horn nínú àwo yẹn? Dennis Brain, ọmọ Aubrey Brain tó jókòó pẹ̀lú Camden ní BBC. Leonard Brain, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, afọn-oboe ni, òun àti Cecil James sì wà nínú ẹgbẹ́ fèrè márùn-ún tí Dennis dá sílẹ̀. Dennis fẹ́ràn mọ́tò débi pé ìwé ìròyìn mọ́tò a máa wà lórí ìdúró ìwé orin rẹ̀. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1957, ó ń wa mọ́tò bọ̀ láti Edinburgh ní òru lẹ́yìn eré, ó sì kú nínú jàǹbá ní Hatfield. Ọmọ ọdún 36 ni.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ Camden ní Royal College of Music ló di òpìtàn ohun èlò yìí? William Waterhouse ni, tí wọ́n bí ní London ní 1931. Ó fọn bàsúùnù ní ilé opera Covent Garden, ó lọ sí ọ́kẹ́sítírà rédíò kan ní Lugano, ní Switzerland, ó padà wá sí London Symphony ní 1958, ó sì kọjá sí BBC Symphony ní 1964. Níbẹ̀ ló wà títí di 1982, nínú ọ́kẹ́sítírà tí ọ̀gá rẹ̀ ti jókòó ṣáájú ogun.

Ó tún wà nínú Melos Ensemble, agbo olórin tí Gervase de Peyer àti Cecil Aronowitz dá sílẹ̀ ní 1950. Àwọn Melos ló jókòó yí Benjamin Britten ká ní Coventry lọ́jọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 1962, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe War Requiem. Kàtídírà tuntun ni wọ́n ń ṣí, nítorí pé bọ́ǹbù ti jó ti àtijọ́ ní 1940. Olùdarí mìíràn ló ń darí ọ́kẹ́sítírà ńlá, Britten fúnra rẹ̀ darí agbo kékeré tó ń gbe orin àwọn ọmọ ogun méjì tó ti kú.

Lyndesay Langwill ńkọ́, ṣé o gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí? Oníṣirò owó ni ní Edinburgh. Lẹ́yìn iṣẹ́, ó ń ṣa orúkọ gbogbo ẹni tó ti gbẹ́ fèrè láyé jọ, ó sì tẹ àkójọ náà jáde ní 1960. Ní 1965 ó kọ ìwé lórí bàsúùnù. Waterhouse gba iṣẹ́ yẹn lẹ́yìn rẹ̀, ó tú gbogbo rẹ̀ wò, ó fi kún un, ó sì gbé New Langwill Index jáde ní 1993. Bí ẹnikẹ́ni bá rí orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára fèrè àtijọ́ kan lónìí, inú ìwé yẹn ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Iṣẹ́ tí ọ́kẹ́sítírà kò sanwó rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ni, iṣẹ́ ìfẹ́ gbáà.

Camden gba oyè OBE ní 1969. Ó kú lóṣù kejì ọdún 1979, ó ku díẹ̀ kó pé ẹni ọdún 91. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìwé ìtàn ayé rẹ̀, Blow by Blow, jáde.

Níbo wá ni Waterhouse ti ń kọ́ àwọn ọmọ láti 1966? Ní Manchester ni, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí Camden ti kọ́ṣẹ́, èyí tó dara pọ̀ mọ́ òmíràn ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà láti di Royal Northern College of Music. Waterhouse kú ní Florence, ní Ítálì, lóṣù kọkànlá ọdún 2007. Graham, ọmọ rẹ̀ tó ń ta sẹ́lò tó sì ń kọ orin, kọ Bright Angel ní ìrántí rẹ̀: bàsúùnù mẹ́ta, pẹ̀lú bàsúùnù ńlá kan tó tún lọ sísàlẹ̀ jù wọ́n lọ.